Iná Wẹ́dà Ò Bọ́ Lọ́wọ́ Mi

Lọ́jọ́ tí ìró ìbọn dé ẹ̀yìn ilé wa ní Ìlódè, Ọ̀gá Jímọ̀ tó ń kọ́ mi níṣẹ́ wẹ́dà kó ìyàwó àtọmọ sọ́kọ̀, ó di Ìbàdàn. Àwọn ọkùnrin tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ti lọ ṣọ́ ìlú. Kí Ọ̀gá tó gbéra, ó ju kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí mi.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, bá mi ṣọ́ ọ o. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Má fọwọ́ kan nǹkan kan kẹ̀! Irin tí mo ti dì mú fún ọkùnrin láti jó, bí n bá tò ó, á dé Mayfair lódìkejì ìlú. Èmi fúnra mi ò jó ju ẹsẹ̀ àga lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ìjà ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí Ìyá Àlájì, opó àdúgbò wa, wá bá mi tẹkúntẹkún. Àwọn jàǹdùkú ti fọ́ ilẹ̀kùn wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ò lè sùn.

"Ọ̀gá ò sí nílé, Màmá."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò lọ́wọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Ilẹ̀kùn tí mo kọ́kọ́ jó wọ́, mo gé e, mo tún un jó. Nígbà tí Màmá tì í tó dún gbàmù, wọ́n súre fún mi títí ẹnu fi ro wọ́n. Bí àwọn obìnrin ṣe ń gbé ilẹ̀kùn wá nìyẹn. Ṣadé, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, wá ń bá mi gé irin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀gá. Ẹni a bá lábà ni baba.

Nígbà tí ìlú tòrò, Ọ̀gá Jímọ̀ dé, tòun tàwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀kùn kan. Ó fọwọ́ tọ ibi tí irin ti pàdé irin, kò rí àléébù.

"O káre. Àwọn ọkùnrin ti dé. Gbé e sílẹ̀, máa lọ sílé."

Inú bí mi.

"Ọ̀gá, nígbà tí ìbọn ń dún, ṣé ẹ rántí pé obìnrin ni mí? Mo ti mọṣẹ́. Ẹ ṣe fúrídọ̀mù fún mi bí ẹ ti ń ṣe fún ọkùnrin. Mi ò lọ sílé kankan."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́ nawọ́ láti gba iná lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fojú lásán wo iná wẹ́dà, ojú á ta á bí ata, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Mo fa gíláàsì dúdú bojú.

"Ẹ kọ̀yìn síbí o, mo fẹ́ jó irin!"

Tọ̀gá tọmọọṣẹ́, gbogbo wọn kọ̀yìn. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.