Ẹsẹ̀ Mẹ́jọ Nínú Àmù Ìyá Àgbà

"Tanwíji ni. Ẹ da omi yìí nù."

Inú àmù ni ohùn bàbá náà ti jáde, nítorí wọ́n ti ki orí bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn. Ó dún bí ẹni pé àmù ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Wolé-wolé ni bàbá aládùúgbò wa yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn tí ń yẹ omi onílé wò nítorí tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, tí wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá bá a nílé rẹ̀. Ìjọba ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí gba ojú wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wọ ṣòkòtò kakí tó ń rùn káńfọ̀, tí wọ́n ń yẹ àmù gbogbo àdúgbò wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ààwẹ̀ sì ti wọlé. Kànga agbo ilé wa ní Ìwó ti gbẹ. Láti adágún tí ìjọba sé sẹ́yìn ìlú ni ìyá àgbà àti èmi ti fi orí ru omi inú àmù náà wá. Òun la ó fi ṣe àlùwàlá, òun la ó fi ṣínu.

"Bí mo bá dà á nù, Bàbá Wolé-wolé, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ pọn òmíràn?"

"Òfin ni, Ìyá. Tanwíji ò mọ ààwẹ̀."

"Ta ló wá rí tanwíji pupa rí?"

 Bàbá tún bẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, àwọn nǹkan pupa kan ń káàkiri inú omi, wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, bí ẹni pé epo ta sí i, tí epo wá rántí pé òun níbi tí òun ń lọ.

Bàbá sáré lọ sílé. N kò rí i kí wọ́n sáré rí. Wọ́n gbé abọ́ tánganran funfun dé, pẹ̀lú dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, èyí tí wọ́n fi ń ka ìwé ìròyìn níta kí aráyé lè mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n bu omi díẹ̀ sínú abọ́.

"Ojú mi ò gbé e. Ìwọ ọmọ yìí, wò ó. Má pe orúkọ kankan fún mi. Ohun tí o rí ni kí o sọ."

Mo kúnlẹ̀, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi tó ń rùn bí ewé àti ẹja. Mo ní ó rí roboto, kò lọ́rùn, kò níyẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ dúdú tíntín, irun wẹ́wẹ́ wà lẹ́sẹ̀ tó fi ń wa omi.

"Ṣé ó ń ká ara rẹ̀ kò? Ṣé ó ń fìdí kọ́ sójú omi?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Kò dúró. Bí mo bá kà á dé márùn-ún, á yí pòyì. Ìyá àgbà pàápàá ti lóṣòó tì wá, ìbínú ti fò lọ. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn nǹkan pupa náà sinmi lé ewé jíjẹrà kan.

"Mẹ́jọ ni, Bàbá."

Bàbá gba dígí lọ́wọ́ mi. "Ọmọ ẹ̀fọn kì í lẹ́sẹ̀ rárá, ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ. Aláǹtakùn ló ní mẹ́jọ. Eégbọn ló ní mẹ́jọ."

"Eégbọn wà nínú omi mi?"

"Eégbọn omi ni, Ìyá. Kò bá ajá tan. Kò sì lè di ẹ̀fọn láé. Ẹ sẹ́ omi yín, kí ẹ sè é."

Ìyẹn ì bá tó. Ṣùgbọ́n bàbá dìde, wọ́n de bọ́tìnnì ọrùn, wọ́n kọjú sí àwọn ará ilé tó ti pé jọ. "Mo ní tanwíji ni. Kì í ṣe tanwíji. Mo ti pe orúkọ rẹ̀ kí n tó ka ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ìtanràn yín dà?" ni ọkùnrin kan bi wọ́n láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìtanràn rèé," ni ìyá àgbà wí, wọ́n na etí aṣọ funfun kan sí wọn.

Bàbá di etí kan mú, èmi di ìkejì, omi ń ṣàn kọjá láàárín wa, àwọn arìnrìn-àjò pupa wa sì kù sórí aṣọ. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má pa wọ́n. Inú ìgò ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn dá wọn padà sí adágún.

Ní yunifásítì, olùkọ́ kan fi irú wọn hàn wá lábẹ́ awò tó lágbára ju dígí Bàbá lọ, pẹ̀lú orúkọ tó gùn ju ara wọn lọ. Mo ti gbàgbé orúkọ náà. Títí dòní, bí ẹnì kan bá wọlé tí oyè rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé, màá kí i dáadáa, ojú mi á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ ka ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Mo ka tèmi náà lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Méjì péré ni.