Orúkọ Karùn-ún lára Òkúta

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, ohùn kan ni mo máa ń rántí: "Sà!" Inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìrèlé-Èkìtì ni mo ti ń gbọ́ ọ, ní ọjọ́ ìsinmi tí a fi ń ṣèrántí àwọn sójà nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún. Tísà ni mí nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé ìjọ ni. Iṣẹ́ mi ni láti dúró níwájú, kí n ka orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó kú sógun abẹ́lé. Lára òkúta mábù tó wà lára ògiri ni wọ́n kọ wọ́n sí, ṣùgbọ́n lẹ́tà ibẹ̀ kéré, mo bá fọwọ́ ara mi dà wọ́n kọ sínú bébà. Orúkọ mẹ́sàn-án ni. Bí mo bá ti ka ìkarùn-ún, bàbá kan á dìde níjòkó ẹ̀yìn, wọ́n á nà gbọnrangandan, wọ́n á sì dáhùn. Àwọn gan-an ló ni orúkọ náà.

Bàbá Sójà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n. Lójú ogun ni ọwọ́ ọ̀tá ti tẹ̀ wọ́n, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì wà títí ogun fi parí. Ìròyìn tó dé ìlú ni pé wọ́n ti kú. Ìyá tó bí wọn gbọ́ ọ, kò jẹun dáadáa mọ́, kò sì pẹ́ tí òun náà fi kú. Ìjọ kọ orúkọ sára òkúta, bíṣọ́ọ̀bù yà á sí mímọ́. Ẹ̀yìn èyí ni Bàbá fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ̀lú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ "Sà!" yẹn, mo bá àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

"Tísà, kì í ṣe ẹ̀rín o. Ní àgọ́ tí wọ́n tì wá mọ́, àràárọ̀ ni wọ́n ń pe orúkọ wa. Ẹni tí kò bá dáhùn, òkú ni wọ́n kà á sí. Uṣẹ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyẹn, kí n máa dáhùn. Mo wá dé ulé tán, ẹ tún ń kà mí mọ́ òkú. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò. Mo fẹ́ wà láàyè lára ògiri yín kí n tó kú."

Mo ṣèlérí. Ẹni tó bá gbọ́ bí mo ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà á rò pé èmi ni gómìnà. Mo gbà pé lẹ́tà kan péré á parí ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ láàárín ọdún mẹ́ta. Èkíní, ìgbìmọ̀ ìjọ ní a kì í ṣàdédé fi irin kan ohun tí bíṣọ́ọ̀bù yà sí mímọ́. Èkejì, wọ́n ní ẹbí tó ra òkúta náà gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i, olórí ẹbí sì wà lókè òkun. Ẹ̀kẹta, alùfáà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Bàbá Ìjọ, olórí ìgbìmọ̀ náà, máa ń wí. Inú bí mi dọ́ba. Ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sọ̀ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń fọ̀pá rìn!

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n rán mi níṣẹ́ sí Bàbá lẹ́yìn náà, mo sì jẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá jọ́sìn láti Ọ̀yẹ́ ń rẹ́rìn-ín, kí Bàbá jọ̀wọ́ má dáhùn mọ́. Bàbá fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Ó dáa, tísà." Nígbà tí ọdún yípo, mo ka orúkọ karùn-ún. Bàbá dìde, wọ́n nà, wọn ò la ẹnu. Mo ka ìkẹfà.

Nígbà òjò ọdún yẹn ni wọ́n kú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a sin wọ́n tí mo bá bíríkìlà lórí àkàsọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbẹ́ orúkọ náà kúrò. Mo bi Bàbá Ìjọ léèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí.

"Kì í ṣe ojú ogun ló kú sí, ulé rẹ̀ ló kú sí," ni wọ́n wí. "Irọ́ ò dáa lára ògiri ilé Ọlọ́run."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, bíríkìlà ti ṣe é tán.

Mo ti fi ipò akọ̀wé sílẹ̀ tipẹ́. Ẹlòmíràn ló ń ka orúkọ mẹ́jọ náà báyìí, èmi sì ń jókòó níjòkó ẹ̀yìn, mo ń wo ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí. Inú ṣì ń bí mi sí àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, tí mo dá wà, ọ̀rọ̀ náà á yí padà sórí mi. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ nítorí òkúta. Bébà tí mo ń kà lọ́dọọdún, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, ẹnu mi ni mo fi kà á, kò sì sẹ́ni tó ní kí n má fo ìlà kan.