Ilé Tí Ọ̀dà Rẹ̀ Kò Gbẹ

Wọ́n ń po kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ mi, òórùn sìmẹ́ńtì tútù náà sì ń bí mi nínú. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí òórùn lásán bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni aṣọ bàbá mi ṣe máa ń rùn tí wọ́n bá ti Ṣáínà dé. Ní Shekou, níbi tí wọ́n ti ń da yanrìn sókun kí èbúté lè fẹ̀ sí i, ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi pè wá láti ibẹ̀ sí ilé wa ní Ballymun, ní Ireland. Màmá mi na fóònù sí mi.

"Kúnlẹ̀ kí dádì ẹ."

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ kíṣìnnì, bí ẹni pé dádì ń wò mí.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. When are we coming?"

"Ilé wa ládùúgbò àwọn àjèjì kò tíì parí. Wọ́n ṣì ń kùn ún lọ́dà."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà Kérésì."

"Òjò ibí ò jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ, ọmọ mi."

Fóònù gé. Inú bí mi, ó dùn mí, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni wọn ò fẹ́.

"Dìde, wọ́n ti lọ," màmá mi wí.

Mo ní mi ò dìde, àfi tí ọ̀dà náà bá gbẹ.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ilé náà ti parí tipẹ́, pé ìwé ìgbélùú wa ni kò tíì jáde, tí a bá sì kúrò ní Ireland, wọ́n lè má jẹ́ ká wọlé mọ́.

Màmá mi ò bá mi jà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ká táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n tì í sábẹ́ orúnkún mi, wọ́n sì kọjú sí ògiri kí n má baà rí ojú wọn.