Ìṣákọ́lẹ̀ Ọbabìnrin

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí Píjò tó ń lọ sí Èkó wá gbé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Adó. Àpótí kan ni mo dì, pẹ̀lú àpò tí mo kó gààrí, ata gígún, ọṣẹ dúdú àti àdí sí. Ìyàwó Dàpọ̀, àbúrò mi ọkùnrin, ló bímọ sí ìlú Kánádà. Ìyá wa ti kú, kò sì sí ẹlòmíì tí yóò wẹ ọmọ náà bí a ti ń wẹ̀ ẹ́ nílé.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, olórí ẹbí, sìn mí dé ìdí mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa ní Ìjàn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Sàlísù, ọmọ Ìgbìrà tó ń dáko níbẹ̀, a máa gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá fún wa lọ́dọọdún.

"N ó sọ fún un kó má gbé e wá mọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Gbogbo wa ló ń gba owó oṣù. Ojú ń tì mí láti gba iṣu lọ́wọ́ ẹni tó ń làágùn."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n dé ná."

Náírà mẹ́fà ni owó ọkọ̀ dé Ìkẹjà. Láti ibẹ̀, bàálù mẹ́ta ni mo wọ̀ kí n tó rí Dàpọ̀. Ó kí mi ní ohùn Adó, ó pariwo débi pé àwọn òyìnbó wẹ̀yìn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ulé ń kọ́?"

Rẹ̀jáínà ni orúkọ ìlú tí wọ́n ń gbé. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá dàgbà sáàárín òkè bíi tèmi yóò rò pé wọ́n ti kó àwọn òkè ibẹ̀ lọ. Ìgbà ooru wọn ni mo dé. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù, oòrùn á ṣì wà lókè, n kò sì mọ èwo ni kí n pè ní ìwẹ̀ alẹ́.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ Jénì, tí òun àti Dàpọ̀ jọ ń kọ́ni nílé ìwé kan náà. Ọmọ Kirí ni. Àwọn Kirí àti àwọn Sóótò ló ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn àgbà wọn jókòó ní àfonífojì kan pẹ̀lú ìránṣẹ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n jọ fa ìkòkò tábà, bí àwa ti í pa obì, wọ́n sì dá májẹ̀mú lórí ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ ọba ti ń wá lọ́dọọdún láti fún olúkúlùkù wọn ní dọ́là márùn-ún.

Ọjọ́ ìsanwó ọdún náà kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn tí mo dé. Mọ́tò Jénì bàjẹ́, ó sì bẹ Dàpọ̀ kó gbé òun lọ bá ìyá òun ní abúlé. Mo bá wọn lọ. Ọ̀nà náà gún, kò ní kòtò kankan, ṣùgbọ́n n kò rí ẹnì kan tó ń ta àgbàdo tàbí ẹ̀pà lẹ́bàá títì. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Kókòm ni wọ́n ń pe ìyá Jénì. Ìyá àgbà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó fún wa ní bánọ́ọ̀kì, ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n dín, pẹ̀lú ẹja yíyan. Mo bu ata mi sí tèmi. Ó ní kí n bu sí tòun náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún nawọ́ àwo rẹ̀ sí mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí Jénì ti di olùkọ́ ni kò ti lọ gba dọ́là márùn-ún náà mọ́. Ẹsẹ̀ Kókòm kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Ó ní òun kò ní lọ lọ́dún yìí àfi bí Jénì bá tò sẹ́yìn òun.

Jénì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún wa: "Ó ní bí òun bá kú, ta ni yóò dúró níbi tí òun ń dúró sí? Mo sì ti dá a lóhùn. Adìyẹ méjì ni owó yẹn lè rà. Ṣé kí n máa tò bí alágbe?"

N kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ, ṣùgbọ́n ẹnu yún mi. "Jénì, jọ̀ọ́, ta ló ń san owó náà?"

"Ọbabìnrin."

"Ẹ̀yin kì í san nǹkan kan fún un?"

"Rárá o."

"Títí di ìgbà wo?"

"Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń ràn, tí omi sì ń ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣèlérí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san nìyẹn!"

Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, àlejò tí a fún ní ilẹ̀ dáko a máa gbé iṣu díẹ̀ wá lọ́dọọdún. A kì í wo iye tí iṣu náà tó. Iṣu ló ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Bí onílẹ̀ bá kọ̀ ọ́, lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ ọmọ àlejò yóò ní, "Àwa la ni ín, a kò sanwó fún ẹnikẹ́ni rí."

Dàpọ̀ pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ Ọbabìnrin di Sàlísù!"

Jénì kò rẹ́rìn-ín. "Ìwé tí wọ́n kọ ní a ti yọ̀ǹda ilẹ̀ pátápátá. Adájọ́ kò ní gbọ́ ti iṣu yín."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún màmá."

Ó sọ ọ́. Kókòm rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó wá fi ọwọ́ wọn ìwọ̀nba kan nínú afẹ́fẹ́, kò ju ibi tí ọkọ́ ń wọ ilẹ̀ dé lọ.

"Ó ní ohun tí àwọn bàbá òun fi etí gbọ́ nìyẹn," ni Jénì wí. "Ibi tí ohun ìtúlẹ̀ wọ̀ dé nìkan ni wọ́n fún wọn. Ó ní ta ló sọ fún yín?" Ó tún tẹ́tí sí ìyá rẹ̀. "Ó tún ní kí n bi yín: bí onílẹ̀ bá gba iṣu tán, kí ló ń ṣe?"

"Ó ń dúpẹ́. Ó sì ń wo ojú ẹni tó gbé e wá dáadáa, kó lè dá a mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Jénì wọ bàtà rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn abúlé, òṣìṣẹ́ ọba jókòó sídìí tábìlì, ọlọ́pàá tó wọ ẹ̀wù pupa sì dúró tì í. Kókòm gba tirẹ̀. Ó kan Jénì. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì tẹjú mọ́ ọkùnrin náà títí ara ọkùnrin náà kò fi balẹ̀ mọ́.

"Ṣé kò sí o, Màdáámù?"

"Kò sí. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Kókòm nu ojú rẹ̀, kì í sì í ṣe ata mi ló fà á lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí mo padà dé Adó, iṣu tuntun ti jáde. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní, "Ó dáa, jẹ́ kó máa gbé e wá." Kò pẹ́ ni Sàlísù dé láti Ìjàn pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí kẹ̀kẹ́. Mo dúpẹ́, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo sì gún nínú iṣu náà kí àwa àti òun jọ jẹ ẹ́.

"Wọ́n ní ẹ lọ sí ìlú òyìnbó, Màmá," ni ó wí, bó ti ń fọ ọwọ́. "Ìròyìn wo lẹ mú bọ̀?"

Mo ní, "Ọbabìnrin náà ń san ìṣákọ́lẹ̀."

Sàlísù ronú sí i. Ó wo iṣu rẹ̀ tó wà nílẹ̀.

"Ṣé tirẹ̀ tóbi tó tèmi?"

Mo ní kò tó.