Ẹnu Ìyá Tósìn ní Yunifásítì

Gbogbo ará ọjà Ìyànà Ọ̀fà ló mọ ìtàn ata yẹn. Ìyá Tósìn, tí orúkọ wọn gan-an ń jẹ́ Morónikẹ́, dé ìdí àtẹ Nimotallahi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n nawọ́ sí ata rodo. "Èló ni Capsicum yìí?"

Nimotallahi wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ata ni, Màmá."

"Ìwọ lò ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ń kàwé nípa ewéko ní yunifásítì. Ẹnu tí mo fi ń dá olùkọ́ lóhùn, mi ò lè fi pè é ní ata."

"Tóò. Ẹ lọ ra Capsicum níbi tí wọ́n bá ti ń tà á. Ata nìkan lèmi gbé wá sọ́jà."

Ìyá Tósìn ò gbà kí wọ́n pè é ní ata, Nimotallahi náà ò gbà láti ta Capsicum. Ọbẹ̀ tí ọkọ wọn jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ò ta ju omi tútù lọ.

Akọ̀wé káńsù ni Ìyá Tósìn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ará Olódò, àdúgbò wọn, rò pé ṣe ni wọ́n máa ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n máa ta ọṣẹ àti bisikíìtì. Ìyá Tósìn bá lọ jókòó ṣe ìdánwò àṣewọlé láàárín àwọn ọmọ tí ò tó àbígbẹ̀yìn wọn, wọ́n sì wọlé. Oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ewéko ni wọ́n fẹ́ gbà.

Rufus ọkọ wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Tósìn, àgbà ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ní, "Ìyá Tósìn, kí lo fẹ́ fi ewé ṣe lọ́jọ́ ogbó?"

"Ohun tẹ́ ẹ kì í fi ojú yín ṣe ni. Mo fẹ́ wò ó."

Wọ́n gba yàrá kan ní Ajibode, nítòsí yunifásítì, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ká sòótọ́, ìgbéraga wọn ga ju òpó iná lọ, kò sì sẹ́ni tí wọn kì í bú. Wọ́n sọ fún Sanmí, ọmọ kíláàsì wọn tó ń wá gbogbo ìdáhùn lórí fóònù, pé bí bátìrì yẹn bá kú, kò ní rántí orúkọ bàbá ẹ̀ mọ́. Dókítà Olúyínká tó ń kọ́ wọn ńkọ́? "Ọmọ yẹn mọ̀wé, àmọ́ ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀."

Lọ́dún kẹta, kíláàsì wọn lọ já ewé nínú igbó kan ní Lágelú. Ìyá Tósìn na ọwọ́ sí ìtàkùn kan tí èso ẹ̀ nírun lára. Sanmí pariwo. "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Wèrèpè ni!"

"Ta ló sọ fún ẹ? Fóònù?" Wọ́n sì gbá èso náà mú ṣinṣin.

Kò pẹ́ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn láti ọwọ́ dé ọrùn. Wọ́n ń họra, wọ́n ń fò sókè bí ọmọdé. Dókítà Olúyínká sáré dé. "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan," ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn gbo igi. "Ìwádìí ni mò ń ṣe."

Ohun tó wá mú wọn gan-an ni ìṣirò. Dandan ni kí wọ́n yege nínú ẹ̀ kí wọ́n tó lè gboyè. Wọ́n ṣe é, wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n tún un ṣe, ibi kan náà ló já sí. Bí wọn ò bá yege lẹ́ẹ̀kẹta, ó parí nìyẹn. Wọ́n di ẹrù, ó di Olódò. Àmọ́ Kaothar, ọmọbìnrin inú yàrá kejì tó ń ka ìṣirò, dúró dí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, màá kọ́ yín."

"Ìwọ tí o ò lè se ìrẹsì kó má jóná?"

"Ìrẹsì mi ló ń jóná, ìṣirò mi kì í jóná. Ẹ tú ẹrù yín."

Bí wọ́n ṣe jókòó sí báráńdà nìyẹn lójoojúmọ́. Kaothar ń kọ́ wọn, wọ́n ń bú u.

"Ohùn ẹ ń dún bí ẹ̀rọ ata!"

"Ẹ dáhùn ìbéèrè tó kàn, Màmá."

Wọ́n á pòṣé, wọ́n á dáhùn, á sì tọ̀nà. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n yege, díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n tún fìdí rẹmi. Wọn ò dúpẹ́ o. Wọ́n kàn wọ yàrá Kaothar, wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì tí kò fi ní jóná.

Oyè kíláàsì kẹta ni wọ́n fi jáde. Ẹnì kan ní ìjọ béèrè bóyá ìyẹn kọ́ ló kéré jù. Ìyá Tósìn wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ, kíláàsì kẹlòó ni tìẹ?"

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ Ajibode kún àgbàlá wọn ní Olódò, wọ́n ń jiyàn lórí ta ni Màmá bú jù. Sanmí ní òun ni, òun fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀rín ń sọ. Ó wá kan Kaothar. Ó bojú, ó bú sẹ́kún.

Bàbá Tósìn dìde, wọ́n fi í jókòó sórí àga tiwọn.

"Ọmọ mi, láti ọjọ́ tó ti lọ, kò tíì sẹ́ni tó bú mi nínú ilé yìí. Gbogbo èèyàn ló ń pọ́n mi lé. Ó ti sú mi. Ṣé o lè bú mi díẹ̀?"

Kaothar nu ojú, ó wo orí bàbá. "Bàbá, fìlà yín yìí, ṣé ẹ dé e ni, àbí ṣe ló já bọ́ lù yín?"

Bàbá Tósìn bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn pòròpòrò.

"Hẹn-ẹn," ni wọ́n wí. "Bó ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Tún un sọ."