Fóònù Inú Kọ̀ǹpútà Tí Kì í Dúró Kí Wọ́n Dáhùn

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù wà nínú fóònù rẹ̀ àtijọ́: ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Adó-Èkìtì, tí kò ráyè fi ránṣẹ́. Mo ṣì lè ka orúkọ àwọn ọmọ tó kọ́ nílé ìwé láti ìgbà tí ìjọba ti gbé e wá sí Jos, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń pòórá mọ́ mi létí.

Fóònù náà ti bàjẹ́, àwọn tuntun kò sì lè ṣí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ṣe fóònù mìíràn sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tí ọwọ́ kò lè kàn, tó ń ṣe bíi fóònù Bàbá.

Mo ní, "Á máa hanrun nìyẹn."

Kò hanrun. Ó kàn ń kú lójú ọ̀nà ni. Láti mọ ibi tó ti ń ṣubú, ọmọ náà ní kí fóònù náà máa kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé, "Mo ti dé ibí." Bó ṣe ń kọ ọ́, kò kú mọ́, àmọ́ iṣẹ́ pọ̀ fún un, ohùn ọkọ mi wá ń fà bíi ti ọ̀mùtí.

Mo ní, "Bàbá rẹ kì í mutí."

Ó yọ ìkọ̀wé náà kúrò, fóònù náà tún kú. Ó dá a padà, ọ̀mùtí dé.

"Kai, Màmá. Kò yẹ kí kíkọ yẹn yí nǹkan kan padà. Ibi tó dé nìkan ló ń sọ."

"Ó ń kí èèyàn ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń kí nínú gbogbo yàrá? Ẹnu ọ̀nà la ti ń kí, a ó sì dúró kí onílé dáhùn. Ìwọ náà kì í dúró, o kàn máa ń já wọ yàrá mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ní ó jọ pé fóònù náà ń wọlé kí fáìlì tí ohùn Bàbá wà nínú rẹ̀ tó ṣí tán; kíkọ yẹn ló ń dá a dúró díẹ̀. Ó pa gbogbo ìkọ̀wé náà rẹ́, ó sì ní kó dúró ní ẹnu ọ̀nà fáìlì títí á fi dáhùn.

Ohùn ọkọ mi jáde geere: "Àbúrò mi, ìyàwó mi tún ti da iyọ̀ bo ọbẹ̀ lónìí. Mo jẹ ẹ́, n kò wí nǹkan kan."

Mo ní kí ọmọ náà tún ohùn náà gbé jáde, kí n lè fún ọkọ mi lésì.