Ẹfun Tí Mo Kùn sí Ògiri ní Albarika

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Faransé ká àsíá wọn kúrò nílẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò Albarika, ní Parakou. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí, ẹnu mi sì mú púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń yìn mí nítorí ìjà ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni èmi, Mónì ìyàwó mi, àti Sàbínà ọmọbìnrin wa ń gbé. Òkè ni onílé, Bàbá Tìmọ́tì, wà, ọmọ Ṣábẹ̀ bíi tiwa. Ó ra ẹ̀rọ amúlétutù lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé, ó gbé e sójú fèrèsé rẹ̀, omi rẹ̀ sì ń ṣàn sára ògiri wa tọ̀sán tòru. Ògiri náà bu, ó hu irun dúdú. Sàbínà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi ń yí.

Mo gòkè lọ bá a. "Bàbá, omi ẹ̀rọ yín ń pa ọmọ mi."

"Ṣé èmi ni mò ń sùn ní yàrá náà ni? Ẹni tó ń sùn níbẹ̀ ni kó nù ún."

Ẹ̀gbọ́n Ràímì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, ni olórí àwa ayálégbé. Òun ló kọ̀wé sí mèrí, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, wọ́n sì ní àwọn yóò rán ènìyàn wá wò ó. Ó kì mí nílọ̀ pé: "Bàbá Sàbínà, ẹ má fọwọ́ kan ògiri yẹn o. Bó ṣe rí yẹn ni kí mìsíyé tí wọ́n ń rán bọ̀ bá a."

Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀la kó dé, Mónì wo ògiri, ó wò mí. "Ṣé inú ẹ̀gbin yìí la ó ti gba àlejò ìjọba? Irú ọmọ wo ni wọn ó ní ìyá mi tọ́?" Ìtìjú mú èmi náà. Mo po ẹfun, a fọ ògiri, mo kùn ún títí ó fi funfun báláú.

Nígbà tí mìsíyé náà dé, ó fọwọ́ pa ògiri, ó rẹ́rìn-ín. "Ògiri yìí mọ́ ju ti bírò mi níbi iṣẹ́ lọ." Ó kọ ọ́ síwèé pé yàrá náà dára. Èmi tí mò ń kojú àwọn ọ̀gá rélùwéè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Ràímì tọjà dé, ó bi mí ta ló kun ògiri. Mo ní, "Onílé ni." Ó bú onílé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Tìmọ́tì, tí inú ń bí pé a fẹjọ́ òun sùn ní mèrí, rán ọkùnrin mẹ́ta wá pẹ̀lú ọ̀pá irin kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn wa, kí wọ́n lé wa jáde. Ẹ̀gbọ́n Ràímì di ilẹ̀kùn mú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹfun bo ikú ọmọ mọ́lẹ̀! Ẹ ó pa mí kí ẹ tó yọ ọ́!" Wọ́n la ọ̀pá mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Ó tún fi ọwọ́ kejì mú un, wọ́n tún là á.

N kò mọ ìgbà tí mo gbé ọmọ ọlọ. Mo là á mọ́ ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu, eyín àti ẹ̀jẹ̀ dà sí mi láyà. Mo ń lù ú lọ nígbà tó ti ṣubú. Inú mi dùn sí i, ẹ̀rù inú dídùn yẹn ń bà mí títí dòní. Àwọn ará àdúgbò ya bo ilé, wọ́n fi okùn fa ẹ̀rọ náà lulẹ̀, ó fọ́ yángá. Sójà ló tú wa ká. Mo ṣẹ̀wọ̀n.

A jèrè nǹkan. Mèrí pàṣẹ pé ohun tí ẹ̀rọ onílé bá bàjẹ́, onílé ni kó tún un ṣe. Sàbínà yè, ó ti di ìyá ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Ràímì kò ká mọ́. Kò lè na aṣọ fún oníbàárà, ó sì fi ọjà sílẹ̀.

Ìgbà tó ń kú lọ, mo jókòó tì í. Ó ṣì ń bú Bàbá Tìmọ́tì nítorí ẹfun náà. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ tó rọ, mo sì ń bá a bú u.